Hamrlík àbí Kaberle?

Lọ́dún 1992, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NHL, líìgì họ́kì orí yìnyín ti Amẹ́ríkà àti Kánádà, ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ eléré, Roman Hamrlík, ọmọ Zlín, ni Tampa Bay nawọ́ mú ṣáájú gbogbo èèyàn. Ní 1996, èèyàn 203 ni wọ́n ti pè kí Toronto tó pe Tomáš Kaberle. Ọmọ Czech làwọn méjèèjì, ẹ̀yìn ni wọ́n sì ń ṣọ́, àmọ́ ìjọra yẹn ò lọ jìnnà.

Ara Hamrlík le, ó sì ń gbá páàkì (rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń ṣeré náà) bí ẹni ju òkò. Ó ṣeré 1,395 fún ẹgbẹ́ méje, títí di 2013, síbẹ̀ kò fọwọ́ ba ife Stanley, ife tí ẹgbẹ́ tó bá borí ní NHL ń gbà, rí. Ohun tó rí he ni wúrà Òlíńpíìkì Nagano 1998, níbi tí Czech ti lu Rọ́ṣíà 1–0. (Petr Svoboda, tóun náà ń ṣọ́ ẹ̀yìn, ló gbá góòlù yẹn wọlé.)

Kaberle ò fẹ́ràn àtigbá páàkì sójú àwọ̀n. Àwọn èrò Toronto á máa pariwo pé kó gbá a, òun á gbójú sókè, á rọra tì í sẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn. Ní Fẹ́búárì 2011 ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Boston. Ní Júùnù, ife ti dé ọwọ́ rẹ̀. František ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti gba tiẹ̀ pẹ̀lú Carolina ní 2006.

Bí wọ́n bá lé alátakò kan jáde fúngbà díẹ̀, tí wọ́n wá dín kan, Kaberle ni n ó fi sórí yìnyín. Bó bá ku ìṣẹ́jú méjì tá a sì ń fi góòlù kan ṣíwájú, ẹ bá mi pe Hamrlík.