Káàdì adójútòfò ìlera àti ìtọ́jú bárakú n'Ìbàdàn: ìràwọ̀ 2 nínú 5

Káàdì HMO (ìyẹn iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera) tí iléeṣẹ́ ń gbà fún òṣìṣẹ́ ni mò ń sọ, pàápàá fún ẹni tí ọtí, tramadol tàbí igbó ti di bárakú fún. Tó bá jẹ́ ibà tàbí ìbímọ, kò sí wàhálà. Tó bá di bárakú, apá káàdì náà ò ká a.

Ojú ìwé tí wọ́n to ohun tí wọn ò ní sanwó fún sí ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Wọ́n lè kọ ọ́ gàdàgbà níwájú pé ìtọ́jú ọpọlọ wà ńbẹ̀, kí wọ́n wá fi lẹ́tà kéékèèké yọ bárakú kúrò lẹ́yìn. Ẹ bi ẹni tó ń tà á pé: ọjọ́ mélòó lórí bẹ́ẹ̀dì? Ìgbà mélòó lọ́dún ni aláìsàn lè rí olùdámọ̀ràn? Bí aláìsàn bá tún padà sídìí ọtí tàbí oògùn náà ńkọ́? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni wọ́n máa ń fò dá, kò sì yẹ kí ẹ gbà, torí pípadà sídìí ẹ̀ wọ́pọ̀ nínú àìsàn yìí.

Ibi tí káàdì náà ti ń ṣiṣẹ́ ni pàjáwìrì. Ẹni tó ti ń mu ọgọgọro lójoojúmọ́ fún ìgbà pípẹ́, tó wá jáwọ́ lójijì, gìrì lè mú un láàárín wákàtí 6 sí 48. Rírí ohun tí kò sí, kí ara sì máa gbọ̀n, sábà máa ń dé ní ọjọ́ kejì sí ìkẹrin; ó lè pààyàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dá a dúró sílé ìwòsàn, tí wọ́n ń fún un ní diazepam àti fítámì B1, tí nọ́ọ̀sì sì ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. HMO á sanwó gìrì yẹn. Bí gìrì bá ti dúró, àṣẹ ìtọ́jú tán nìyẹn, aláìsàn á sì padà sílé pẹ̀lú òǹgbẹ ọtí kan náà. Ewé ni wọ́n ń já, wọn ò fọwọ́ kan gbòǹgbò.

Kí ẹ tó lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní UCH, ilé ìwòsàn tí orúkọ yín wà ní láti kọ lẹ́tà, kí HMO sì fi kóòdù, ìyẹn nọ́ńbà tó fi hàn pé wọ́n fọwọ́ sí ìtọ́jú náà, ránṣẹ́. Ẹni tó bá lọ láìní kóòdù, àpò ara rẹ̀ ni yóò ti san án, gbígba owó náà padà kì í sì í rọrùn. Lẹ́tà yẹn ló sábà máa ń ba nǹkan jẹ́: dọ́kítà á kọ F11, ìyẹn àmì tí wọ́n fi ń pe bárakú oògùn bíi tramadol, á sì fi ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, F32, sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ òun ni ètò náà ń sanwó fún. Kó kọ gbogbo ohun tó rí. Kó má fi irọ́ kún un o. Irọ́ lè mú kí wọ́n fagi lé káàdì.

Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ má gba èsì orí fóònù. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ìlà tí wọ́n dúró lé nínú àdéhùn. Ẹ so lẹ́tà dọ́kítà mọ́ ọn, èyí tó sọ ewu tó wà nínú dídá ìtọ́jú dúró, kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí NHIA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí adójútòfò ìlera, tí òfin ọdún 2022 fi ṣe alábòójútó àwọn HMO. Tó bá jẹ́ ètò ìjọba Ọ̀yọ́, OYSHIA, àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ náà, ni kí ẹ kọ sí.

Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 2008 ní kí ètò tó bá ń sanwó fún bárakú má fi òté tó le ju ti àìsàn ara lọ dè é. Ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ béèrè nìyẹn nígbà tí iléeṣẹ́ bá ń tún àdéhùn ṣe, torí orí àwọn tó pọ̀ ni HMO ń wò kó tó yí ìlà kan padà.