Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó o!

Ẹ̀yin ará Kétu, ojú ń tì mí láti kọ èyí, àmọ́ inú tó ń bí mi ju ìtìjú lọ. 1,800,000 sẹfá! Owó àgbàdo ọdún méjì ni mo kó lọ fún ọkùnrin kan ní páàkì ọkọ̀ ní Kútọnu, mo ra ọkọ̀ akẹ́rù Mitsubishi L200 2002 lọ́wọ́ ẹ̀. Iwájú ẹ̀ ga, ó gbéra bí àgbò iléyá, èmi náà ń yí i po, mò ń rẹ́rìn-ín, mo ní ọkọ̀ rèé. Òmùgọ̀ èèyàn!

Mi ò tíì kọjá Àjàṣẹ́ tán, gbogbo kòtò tí mo bọ́ sí ló ń dún gbà! gbà! lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo pè é. Ó ní "Ẹ̀gbọ́n, nǹkan tó bá lágbára ló ń le bẹ́ẹ̀." Mo sì gbà. Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mi ò wò ó o, mo wò ó, mo wo ẹ́ńjìnnì, mo wo ìwé ẹ̀, mo tẹ hóònù. Àgbẹ̀ ni mí, aṣọ Jímọ̀ sì wà lọ́rùn mi, ta ló máa sùn sílẹ̀ nínú epo dúdú?

Ọ̀sẹ̀ méjì péré, etí ìta táyà iwájú ti jẹ tán, rọ́bà kádáǹ, ìyẹn èyí tó bo oríkèé irin tó ń yí táyà, ti ya, gírísì fọ́n sára ríìmù. Mẹkaníìkì mi wọ abẹ́ ẹ̀, ó ní "Bàbá, ẹ wá wo iṣẹ́ ibi." Iwájú ọkọ̀ yẹn ò ní sípíríìn tó ká róbótó, irin gígùn kan ló wà lápá kọ̀ọ̀kan, báà tọ̀síọ̀n ni wọ́n ń pè é, òun ló máa ń lọ́ ara ẹ̀ tí táyà bá gun nǹkan, bóòtù kan sì wà nídìí ẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé iwájú sókè. Irin ti rẹ̀, ọkọ̀ ti jókòó, olè yìí wá dè é títí bóòtù fi tán, ìyẹn ò tó o, ó yọ irin, ó sún un ní eyín kan nínú eyín tó wà lórí ẹ̀, ó dá a padà, ó tún ń dè é lọ! Kò sàmì sí i kó tó yọ ọ́, ìyẹn ni irin tí wọ́n kọ L, ìyẹn òsì, sí fi wà lápá ọ̀tún. L! Lápá ọ̀tún! Ọ̀nà tí wọ́n ti lọ́ kálukú sí nílé iṣẹ́ náà ló gbọ́dọ̀ máa lọ́ sí, tẹ́ ẹ bá gbé tòsì sápá ọ̀tún, á jókòó tàbí kó ṣẹ́. Dídè yẹn ò sì sọ ọ́ di alágbára, ó kàn ń gbé ọkọ̀ sókè ni, táyà ò wá ráyè sọ̀ kalẹ̀ nínú kòtò mọ́, gbà-gbà tí mò ń gbọ́ nìyẹn.

Mo tún pè é, ó ní ṣebí mo fojú ara mi rí i kí n tó sanwó. Látìgbà yẹn kò gbé fóònù mi mọ́. Olè ni gbogbo wọn, àní gbogbo wọn!

Ẹ mú mẹkaníìkì tiyín dání, kó wo bóòtù yẹn, kó wo rọ́bà kádáǹ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ fi jáàkì gbé e kí táyà fi rọ̀, ẹ tú bóòtù tán kẹ́ ẹ tó yọ irin torí ó lè ta pa èèyàn, ẹ sàmì sí i, kí wọ́n sì tún ẹsẹ̀ táyà tò kó dọ́gba lẹ́yìn ẹ̀.

Ẹni tó bá ní irin ọ̀tún àti tòsì tó ṣì dáa, kó pè mí. Mi ò sanwó kí n tó rí i o.