Kúláǹtì àwọ̀ ewé, píǹkì, àbí omi kànga: èwo lẹ máa rà?

Ẹ̀yin tí ẹ ń da omi kànga sí rédíétọ̀, ẹ má bínú, mi ò ní pẹ́ lórí tiyín. Omi lásán máa ń jẹ́ kí inú ẹ́ńjìnnì dógùn-ún, ó sì ń yá hó ju kúláǹtì, ìyẹn omi àpòpọ̀ tí wọ́n ṣe láti máa mú ẹ́ńjìnnì tutù, lọ. Owó tí ẹ rò pé ẹ ṣọ́, pọ́ǹpù omi ló máa gbà á lọ́wọ́ yín.

Ó wá ku ewé àti píǹkì. Ká ní kí wọ́n mú ẹ́ńjìnnì tutù, àwọn méjèèjì ń ṣe é. Ewé kò wọ́n, píǹkì wọ́n. Ẹ má fi àwọ̀ nìkan rà á o, torí iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń pa tiẹ̀ láró bó ṣe wù ú. Ohun tí wọ́n kọ sára kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ kà. Ẹ má sì dà wọ́n pọ̀, wọ́n lè dì bí ẹ̀kọ. Èyí tí wọ́n bá kọ 50/50 sí lára, wọ́n ti pò ó mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì, kò fẹ́ omi mọ́.

Ohun tó ná mi lówó ni pé: níbo lèyí tí ẹ bá tú jáde ń lọ, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ó sì tú u?

Ewé ni mo kọ́kọ́ ń lò, ọdún méjì-méjì la sì ń yí i. Lẹ́ẹ̀kejì, mẹkáníìkì wá bá mi nílé, ó tú ìdérí ìsàlẹ̀ rédíétọ̀, ó jẹ́ kó máa ṣàn lọ sí gọ́tà. Mo dúró tì í, mi ò sọ nǹkan kan. Díẹ̀ dúró sínú kòtò kékeré kan lẹ́bàá géètì, ó ń dán bí ọṣẹ olómi. Ajá bàbá onílé lá a. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní ethylene glycol ló wà nínú kúláǹtì náà, ó sì máa ń dùn lẹ́nu. Ẹranko ò mọ̀ pé májèlé ni. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ajá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, a tiẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì ó jọ pé ara rẹ̀ ti ń yá. Lọ́jọ́ kẹta ó kú. Dókítà ẹranko ní kíndìnrín ló lọ. Owó ajá tí mo san ju owó kẹ́ẹ̀gì píǹkì mẹ́ta lọ, oṣù mẹ́fà gbáko sì ni bàbá ò fi dá "ẹ káàárọ̀ sà" mi lóhùn.

Kí n má parọ́, ethylene glycol wà nínú ọ̀pọ̀ píǹkì náà. Ṣùgbọ́n ìwé Corolla mi sọ pé píǹkì Toyota ń rin kìlómítà 160,000 kí wọ́n tó kọ́kọ́ yí i, lẹ́yìn náà 80,000-80,000. Àwa tí a ra tòkunbọ̀, 80,000 ni ká máa kà. Bí ẹ bá ń rin 20,000 lọ́dún, ẹ ó ti tú ewé lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tú píǹkì lẹ́ẹ̀kan, bíi lítà 6 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Kúláǹtì tí wọ́n fi kẹ́míkà mìíràn, propylene glycol, ṣe, májèlé tiẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ mi ò tíì rí i rà ní Gate, n'Íbàdàn. Òun náà kò yẹ gọ́tà tó bá ti lò tán, torí ó ti kó òjé àti bàbà látinú ẹ́ńjìnnì.

Ní báyìí, kí n tó dúnàádúrà pẹ̀lú mẹkáníìkì, mo máa ń bi í pé, "Ọ̀gá, ibo lẹ ń da ògbólógbòó sí?" Bó bá nawọ́ sí gọ́tà, mo ti lọ nìyẹn. Ẹni tó ní dúrọ́ọ̀mù fún un ni mò ń wá. Bí ẹ bá fẹ́ tú u fúnra yín, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ gbé bàsíà sábẹ́ ẹ̀, ẹ fi àrọ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí, ẹ kọ MÁJÈLÉ sí i gàdàgbà, kí ẹ wá gbé e lọ bá oní-dúrọ́ọ̀mù. Kó má ṣe jẹ́ ike omi mímu o, ọmọ wà nílé.

Ewé kò burú fún mọ́tò àtijọ́ tí ìwé rẹ̀ bá ní kí wọ́n lò ó, tàbí fún ẹni tó fẹ́ ta mọ́tò lóṣù tó ń bọ̀. Píǹkì ló wà nínú tèmi láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mi ò tíì tú u. Bàbá ti ra ajá mìíràn, abẹ́ mọ́tò mi ló ń sùn sí.