Bàbá tó ń tún gìtá ṣe ní Kabba: ẹ gbé e lọ bá a kẹ́ ẹ tó tà á

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹni tó bá ní gìtá oníná àtijọ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé bàbá ẹ̀, jọ̀ọ́ má tíì tà á. Bàbá kan wà ní Kabba, lójú ọ̀nà tó ń bọ̀ láti Lokoja, kò ní sáìnbọọ̀dù kankan, gìtá kan tí ò lókùn ló gbé kọ́ sẹ́nu ilẹ̀kùn, òun lẹ máa fi mọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún, màá sọ ibi tí ọ̀kan tó kù lọ.

Àbúrò bàbá mi tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kàdúná ló ni gìtá tí mò ń sọ yìí. Kàdúná ló ti lo ayé ẹ̀, ó máa ń bá wọn ta gìtá lóde àríyá, ìgbà tó fẹ̀yìn tì ló gbé e wá sí Mopa, ibẹ̀ náà ló wà títí ọlọ́jọ́ fi dé. Wọ́n ní kí n máa mú un lọ torí èmi ni mò ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kọ́kọ́ gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń ta ohun èlò orin ní Lokoja, mi ò ní dárúkọ, ó yí i síwá ó yí i sẹ́yìn, ó ní ayédèrú Gibson, gìtá Amẹ́ríkà tó lórúkọ, ni, òun á fún mi ní 40,000 náírà. Bí mo ṣe ní mò ń lọ báyìí ló sọ ọ́ di 60,000, mo dé ẹnu ọ̀nà, ó tún di 75,000. Ibẹ̀ ni mo ti fura.

Ọjọ́ tí mo lọ sí Kabba, àwọn tírélà sìmẹ́ńtì Obajana ò jẹ́ ká tètè dé, ilẹ̀ ti ń ṣú, kò sì sí iná. Bàbá da gìtá náà dojú bolẹ̀ lórí tówẹ̀lì, ó tan tọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kò tàn án sí i lójúkojú o, ńṣe ló fi í lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí gìtá kí iná ẹ̀ máa ré kọjá lórí igi. Ẹ wò ó, ẹ̀yìn orí tí mo ti ń nù látọjọ́ yìí tí mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀, àfi bí nọ́ńbà ṣe yọ lábẹ́ ọ̀dà: H77, nọ́ńbà mẹ́rin sì tẹ̀ lé e. Bàbá ní, "Ka lẹ́tà yẹn fún mi. A ni oṣù kìíní, B ni ìkejì, máa kà á lọ." Mo fìka kà á bí ọmọ jẹ́léósinmi, ó bọ́ sí oṣù kẹjọ. Méje-méje yẹn ni 1977, ọdún FESTAC! Ó ní Ibanez ti Jàpáànì ni, pé Artist ni wọ́n ń pe irú ẹ̀ yìí, oníwo méjì, tí wọ́n lẹ ọrùn ẹ̀ mọ́ ara, wọn ò fi bóòtù dè é.

Mo bi í nípa ọ̀rọ̀ ayédèrú Gibson yẹn, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òótọ́ ni pé Ibanez ṣe àwòkọ Gibson nígbà kan, àti pé 1977 yẹn gan-an ni Norlin tó ni Gibson nígbà náà pe àwọn tó ń kó Ibanez wọ Amẹ́ríkà lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n ìrísí orí gìtá nìkan ni wọ́n torí ẹ̀ jà, wọ́n sì yanjú ẹ̀ láàárín ara wọn lọ́dún kejì. Látìgbà náà ni àwọn ọlọ́jà ti ń pe gbogbo gìtá Jàpáànì ayé ọjọ́un ní "lawsuit", ìyẹn ẹjọ́ kóòtù, kówó lè gorí owó. Tèmi yìí kì í ṣe àwòkọ ẹnikẹ́ni, Ibanez ló fọwọ́ ara ẹ̀ gbẹ́ ẹ báyẹn. Ẹni Lokoja ò mọ̀ ọ́n ni àbí ó mọ̀ ọ́n dáadáa, èmi ò lè sọ.

Ìgbà tó wá ṣí ìdérí ẹ̀yìn ni ojú ẹ̀ yí padà. Ẹyin ọmọńlé méjì ló kọ́kọ́ jábọ́, wọ́n ti gbẹ. Wáyà inú ẹ̀ pé, lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó o kò sẹ́ni tó tíì tú u, pickup méjèèjì tó ń gbé ìró okùn, tiẹ̀ gan-an ni. Ṣùgbọ́n inú lọ́hùn-ún níbi tí afẹ́fẹ́ ọ̀dà ò dé, àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú bí obì ló wà níbẹ̀, òde sì rèé tó jẹ́ àwọ̀ ewé ẹ̀fọ́. "Ta ló kùn ún?" Mo ní bọ̀ọ̀dá mi tó wà ní Egbe ni, ó gbé e fún pẹ́ńtà mọ́tò pé kó tún un ṣe. Bàbá kàn ń mi orí. Ó tún fi ìka kan àwọn kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń fa okùn, ó ní wọ́n ti yọ tàtijọ́ dà nù, wọ́n wá lu ihò tuntun sígi kí ti Ṣáínà lè wọlé. Èmi náà wá jẹ́wọ́ pé mo ti fi Brasso nu irin ẹ̀. Ẹ̀yin, ó bú mi o!

Àlàyé owó tó ṣe fún mi rèé. Ó ní a kì í wo iye tí ẹni tó ń tajà kọ sórí ọjà ẹ̀, iye tí ẹnì kan san là ń wò, ó sì ṣí Reverb, ọjà ohun èlò orin orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lórí fóònù ẹ̀ fi hàn mí. Irú tèmi tí ọ̀dà àti kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ bá pé lè tó ẹgbẹ̀rún kan dọ́là tàbí kó lé. Tí wọ́n bá ti tún un kùn, ìdajì ti lọ nìyẹn, ihò tuntun tún gbà lára ìyókù. Ẹ fi ìyẹn wé 40,000 náírà. Mo ní kóun rà á, ó ní rárá, òun kì í ra ohun tóun bá díyelé.

Ọmọkùnrin kan láti Isanlu wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó gbé Fender, gìtá Amẹ́ríkà míì, wá, ó ń búra pé ti ayé kí ilé-iṣẹ́ CBS tó ra ilé-iṣẹ́ Fender ni, èyí tó máa ń wọ́n jù, ìyẹn kó tó di 1965. Bàbá tú u, nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn fọ́líọ̀mù ẹ̀ ni 1377642. Ó ní 137 ni àmì ilé-iṣẹ́ CTS tó ṣe fọ́líọ̀mù náà, 76 ni ọdún, 42 ni ọ̀sẹ̀, lẹ́ẹ̀dì ibẹ̀ kò sì jọ èyí tí wọ́n pààrọ̀. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Ó yá, ibi tí máàkì kan lọ. Bàbá yìí kì í gbé fóònù! Ó ní ọ̀sẹ̀ kan lòun máa fi tún wáyà tó ń pariwo ṣe, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò, lọ́jọ́ tí mo lọ gbé e, jẹnẹrétọ̀ ò ṣiṣẹ́, a ò rí ańpílífáyà tàn, Mopa ni mo dé kí n tó gbọ́ bó ṣe ń dún. 5,000 ló gbà fún yíyẹ̀ ẹ́ wò, kò sì yọ ọ́ kúrò nínú owó iṣẹ́. Ṣùgbọ́n owó mi ò ṣòfò, ẹ gbà mí gbọ́.

Mo ti pe bọ̀ọ̀dá mi ní Egbe nípa àwọn kọ́kọ́rọ́ yẹn. Ó kọ́kọ́ ní òun ò rántí, alẹ́ ọjọ́ kejì ló pè mí padà: ó ti rí mẹ́rin nínú agolo Bọ́nfítà tí ìyàwó ẹ̀ ń kó ìṣó sí. Mo ń lọ gbà wọ́n ní Sátidé, ó kù méjì.