Memory Graph Debugger inú Xcode: ohun tó fi hàn mí, àti ohun tó fò dá

Áàpù kan ni mo ń kọ fún régbérégbé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, èyí tí a ó máa fi ṣàkọsílẹ̀ owó aṣọ ṣáájú Ojúde Ọba. Mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá ṣí ojú-ewé fọ́tò àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tí mo sì pa á dé, mẹ́mórì tí áàpù náà ń lò kì í wálẹ̀. Memory Graph Debugger, irinṣẹ́ tó ń fi ohun tó wà nínú mẹ́mórì àti ohun tó dì wọ́n mú hàn, tó ti wà nínú Xcode (ohun èlò Apple tí a fi ń kọ áàpù) láti ọdún 2016, ni mo fi wá ìdí rẹ̀.

Swift, èdè tí mo fi kọ áàpù náà, tí Apple gbé jáde ní 2014, kò ní agbálẹ̀ tí í máa yí mẹ́mórì ká. Iye àwọn tó di nǹkan kan mú ni ó ń kà, bí iye náà bá sì ti di òdo, a ó tú nǹkan náà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ojú-ewé mi tọ́jú closure kan (kóòdù tí a fi pamọ́ láti lò tó bá yá) tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí fọ́tò bá dé, closure yẹn sì lo self, ìyẹn ojú-ewé náà fúnra rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n di ara wọn mú, tí iye ọ̀kankan nínú wọn kò sì lè di òdo mọ́.

Nígbà tí mo tẹ bọ́tìnì irinṣẹ́ náà, ó dá áàpù dúró, ó sì to gbogbo ohun tó ṣì wà láàyè. Ojú-ewé tí mo ti pa dé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ṣì wà níbẹ̀, mẹ́wàá géérégé, pẹ̀lú àmì ìyanu aláwọ̀ elése àlùkò lára wọn. Mo kọ [weak self], tó ń jẹ́ kí closure lo ojú-ewé láìdì í mú, síbi tí closure náà ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn sì pòórá. (Unowned, tí òun náà kì í di nǹkan mú, ì bá tú ìdè yẹn, ṣùgbọ́n bí fọ́tò bá pẹ́ dé, tí ojú-ewé sì ti lọ, áàpù yóò kú ni.)

Ibi tí irinṣẹ́ yìí kù sí ni Timer, aago tó ń pe kóòdù lóòrèkóòrè. Mo ní ọ̀kan tó ń wo owó tuntun ní ìṣẹ́jú-àáyá 30-30. Mo ti kọ invalidate (àṣẹ tó ń dá Timer dúró) sínú deinit (kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń tú nǹkan sílẹ̀), láìrántí pé deinit kò lè ṣẹlẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí closure Timer ṣì di ojú-ewé mú. Àmì kankan kò yọ, nítorí pé run loop, ìyípo tó ń bá áàpù ṣiṣẹ́ lọ, ló di Timer fúnra rẹ̀ mú, irinṣẹ́ náà kò sì ka ohun tí ọ̀nà ṣì wà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ sí èyí tó sọnù. Ojú ara mi ni mo fi ka iye ojú-ewé tó ṣẹ́kù. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ìlà kóòdù tí a ti dá nǹkan sílẹ̀, ẹ ní láti tan Malloc Stack Logging kí ẹ tó gbé áàpù dìde, èyí tí í sì máa mú un falẹ̀.

Mo ṣì ń lò ó. Ṣùgbọ́n mo ti kọ print kan (àṣẹ tó ń kọ ọ̀rọ̀ jáde) sínú deinit ojú-ewé kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò bá sì fọhùn lẹ́yìn tí mo pa á dé ni mo ń gbé lọ sínú irinṣẹ́ náà.