Tẹ́ḿpìlì méjì ní Beijing: èyí tí wọ́n fi ìkánjú mú wa kọjá ni mo padà sí

Ilé-iṣẹ́ amọ̀nà kan tí èmi kò ní dárúkọ ni mo sanwó fún kí wọ́n mú mi dé Yonghegong, tẹ́ḿpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ti Tíbẹ́ẹ̀tì, àti tẹ́ḿpìlì Confucius, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Ṣáínà ayé àtijọ́, tí méjèèjì wà ní àdúgbò kan náà ní Beijing. Ká ní mo ti mọ̀ pé ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ló wà láàárín wọn, àti pé ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ń dúró lẹ́bàá Yonghegong, n kì bá tí san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Yonghegong ni a kọ́kọ́ yà sí. Ààfin ọmọ ọba ni nígbà tí wọ́n kọ́ ọ ní 1694. Ọmọ ọba náà ló wá jọba tí wọ́n ń pè ní Yongzheng, ọmọ tirẹ̀, Qianlong, ló sì sọ ibẹ̀ di ilé àwọn mọ́ńkì, àwọn àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà, ní 1744. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún wa ní tùràrí lẹ́nu ọ̀nà, èéfín rẹ̀ sì ti gba aṣọ mi kan kí n tó dé àgbàlá kejì. Inú ilé tó wà lẹ́yìn pátápátá ni ère Maitreya wà, Búdà tí wọ́n ń retí, tí wọ́n gbẹ́ lára igi sandalwood kan ṣoṣo: mítà 18 ló yọ sókè, mítà 8 sì wà nínú ilẹ̀. Mo gbójú sókè títí fìlà mi fi já bọ́. Ìyá àgbà kan tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló bá mi ṣà á, ó rẹ́rìn-ín, ó sì padà sídìí àdúrà rẹ̀.

Ní ti Confucius, ogún ìṣẹ́jú péré ni amọ̀nà wa fún wa, ó ní òkúta nìkan ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. Nígbà tí mo dá padà lọ lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ajé ni, wọn kì í sì í ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Ajé, nítorí náà ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo tó ráyè wọlé.

Òkúta ni lóòótọ́. Wàláà 198 ló tò sí àgbàlá iwájú, orúkọ àwọn tó yege nínú ìdánwò àgbà tí ọba fi ń yan òṣìṣẹ́ ìjọba, láti ayé àwọn ọba ìdílé Yuan títí dé ti ìdílé Qing, ni wọ́n sì gbẹ́ sára wọn, àwọn ènìyàn tó lé ní 51,000, pẹ̀lú ìlú tí kálukú ti wá. Ọdún 1302 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ tẹ́ḿpìlì náà. Ìdánwò yẹn fúnra rẹ̀ kò dáwọ́ dúró títí di 1905. Mo dúró ti wàláà kan tí òjò ti fọ̀ débi pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dán bí ọmọ ọlọ, tó fi jẹ́ pé òkè nìkan ni orúkọ kù sí. Èmi kò lè ka ẹyọ kan níbẹ̀, síbẹ̀ n kò yára kúrò, nítorí mo ń ro iye ilẹ̀ oko tí àwọn òbí kan ti ní láti tà kí orúkọ ọmọ wọn tó dé ara òkúta yìí.

Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ló gbé mi wọ Guozijian tó fara tì í, ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ọba, níbi tí wàláà 189 tí wọ́n kọ àwọn ìwé ẹ̀kọ́ Confucius sí wà. Jiang Heng, akọ̀wé kan ní ayé àwọn Qing, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ da gbogbo ọ̀rọ̀ wọn kọ, ọdún 12 ló sì gbà á.

Bí mo ti ń jáde, àwọn ọmọ ilé-ìwé ń so pátákó pupa kéékèèké mọ́ ibi tí wọ́n ń so wọ́n sí, wọ́n ń tọrọ àṣeyọrí nínú ìdánwò tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn kọ tirẹ̀ tán, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó sì ra òmíràn, ó tún un kọ.