Dísìkì àti páàdì iwájú tí mo rà ní Ararọ̀mí, Géètì

Ẹni tó bá ń fi Micra kó èrò ní Ìbàdàn mọ ohun tí òkè máa ń fojú búréèkì rí. Kó èrò mẹ́rin láti Mápó sọ̀ sí Bẹẹrẹ, kí onímọ́tò iwájú rẹ ṣàdéédé dúró láti gbé ẹnì kan. Ibẹ̀ ni wàá ti mọ bí páàdì rẹ, ìyẹn ohun tó ń fún dísìkì mọ́ kí táyà lè dúró, ṣe tó.

Tèmi ń han, irin pẹlẹbẹ tó wà lára páàdì ti ń ha dísìkì (irin róbótó tó ń bá táyà yí), ìyẹn ni pé páàdì ti fẹ́ tán. Sítiárìn náà ń gbọ̀n bí mo bá tẹ búréèkì lórí eré. Páàdì nìkan kò lè wo ìyẹn sàn, dísìkì ló yẹ ní pípààrọ̀.

Mo tú dísìkì àtijọ́, mo fi ọ̀kadà gbé e lọ sí ọjà Ararọ̀mí. Ìyá tó ni ṣọ́ọ̀bù ò tíì dárúkọ owó tó fi ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ n rí èyí tẹ́ ẹ tú.” Ó fi tẹ́ẹ̀pù wọn fífẹ̀ rẹ̀, ó ka ihò rẹ̀, ó wo bí àárín rẹ̀ ṣe ga tó, kó tó mú tuntun jáde. Èyí wù mí púpọ̀, torí pé Micra ò rí bákan náà, dísìkì ọdún kan lè má wọ ti òmíràn. Tòkúnbọ̀ wà nílẹ̀ tó rọ̀jú, ṣùgbọ́n ìyá náà fúnra rẹ̀ ló fi hàn mí pé ó ti jẹ wọnú. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n tí dísìkì kò gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ kọjá sára irin rẹ̀, èyí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Tuntun ni mo san owó lé.

Iwájú ilé wa ní Apẹtẹ lèmi àtọmọ mi ti dè é. Òkúta wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, ọkọ̀ wà lórí sítáńdì. N kì í fọkàn tán jáàkì nìkan. Okùn la fi so kálípà, irin tó ń di páàdì mú, rọ̀, kó má baà fa họ́ọ̀sì já. Òróró tí wọ́n fi pa dísìkì tuntun kó má dípẹtà ni kẹ́ ẹ kíyè sí o! Ẹ fi brake cleaner nù ún tinú-tẹ̀yìn, torí páàdì tó bá mu òróró ti bàjẹ́ nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá sì ń ti písítìnì inú kálípà padà, ẹ máa wo ìgò óìlì búréèkì. Bó bá kún dànù, á bó ọ̀dà ọkọ̀.

Dísìkì náà wọlé wẹ́kú. Páàdì wá pẹ̀lú kílíìpù rẹ̀, àmọ́ kò sí gírísì tí wọ́n fi ń pa pín-ìnnì kálípà nínú páálí, mo ní láti rà á lọ́tọ̀. Ìyẹn nìkan ló dùn mí.

Ẹ tẹ pẹdà títí á fi le kẹ́ ẹ tó fọkọ̀ sí jíà. Lẹ́yìn náà, mo jáde ní kùtùkùtù, mo ń sá eré bí 50, mo ń rọra dín in kù láìdúró pátá, léraléra, kí ojú páàdì àti dísìkì lè mọ ara wọn. Ní báyìí sítiárìn dákẹ́, búréèkì sì ń mú wọ́ọ́rọ́.

Ìyá náà kì í ta dísìkì kan ṣoṣo, méjì-méjì ni. Ó sì tọ̀nà: bí ẹ̀gbẹ́ kan bá mú ju èkejì, ọkọ̀ á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́.